Páàdì Nìkan Ni Bàbá Ní Kí Wọ́n Pààrọ̀

Ohun tí Bàbá bá wá sí ìsọ̀ mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ náà kò pọ̀ rárá. Bíréèkì jíìpù rẹ̀ ń han bí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà sì máa ń fà sí ọ̀tún díẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ páàdì ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì, kí òun lè máa bá tòun lọ sí oko kòkó. Ó ti ra páàdì náà dání. Ó gbé e tòun ti ọ̀rá dúdú lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ó dá a lójú pé kí oòrùn tó kan àtàrí, òun á ti kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀bá títì ni ìsọ̀ náà wà ní Iléṣà, lápá ibi tí ọkọ̀ ń gbà jáde lọ sí Àkúrẹ́. Àwọn jíìpù àgbàlagbà ni mo wá wò níbẹ̀, nítorí ọ̀gá tó ni ìsọ̀ náà kì í sá fún wọn bí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ìsinsìnyí ti ń sá. Ti Bàbá ló kọ́kọ́ wọlé.

Land Cruiser 80 ni, tókunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, ti ọdún 1996, ẹ́ńjìnnì lítà 4.5 oní-písítìn mẹ́fà. Láàárín 1990 sí 1997 ni Toyota fi ń ṣe irú rẹ̀ ní Jàpáànù. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ló gbé Land Cruiser 60 tó ṣíwájú rẹ̀ dúró. Sípíríǹgì lílọ́ ló gbé òun, ìdí nìyẹn tí kì í fi gbọn èèyàn tó ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ẹsẹ̀ iwájú, wọn ò kọ ọ̀nà àtijọ́ sílẹ̀. Irin gbọọrọ kan ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, ṣáàfù ń yí nínú rẹ̀, ní ìparí rẹ̀ ni họ́ọ̀bù tó gbé táyà wà, họ́ọ̀bù náà sì jókòó sórí béárìn méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé tú, ló ṣeé fọ̀, ló ṣeé tún dè. Béárìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayé òde òní ti wà ní dídì pa láti ilé iṣẹ́. Bó bá ti bàjẹ́, odindi rẹ̀ ni wọ́n ń yọ sọ nù. Ti Land Cruiser yìí, ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ wọn bó ṣe máa le tó, ọwọ́ èèyàn ló sì ń bà á jẹ́.

Ọ̀gá kò tíì wo ọ̀rá dúdú náà. Ó ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ fi òkúta há táyà ẹ̀yìn méjèèjì, kí wọ́n fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú kúrò nílẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, ó fi èkejì di ìsàlẹ̀, ó tì í, ó fà á. Táyà náà mì. Ojú ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, ṣùgbọ́n etí gbọ́ ọ: kọ̀, kọ̀. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ kan wọ inú ọkọ̀, kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó má sì gbé ẹsẹ̀ kúrò. Ó tún mi táyà náà. Kò dún mọ́.

“Béárìn ni,” ó wí, kò tilẹ̀ yíjú sí ẹnì kan.

Mo bi í bó ṣe mọ̀. Ó ní bí wọ́n bá tẹ bíréèkì, páàdì á di díìsì mú pinpin, họ́ọ̀bù ò sì ní ráyè mì lórí béárìn mọ́. Ká ní mímì náà ṣì wà lẹ́yìn tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ni, a jẹ́ pé ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yí sọ́tùn-ún sósì ló ti jẹ. Iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó mìíràn sì ni.

Bàbá ti dìde lórí bẹ́ǹṣì. “Ọ̀gá, páàdì ni mo ní kí ẹ bá mi fi sí i o.”

“Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ fara balẹ̀. Ara páàdì náà la ti máa bẹ̀rẹ̀.”

Kí wọ́n tó tú táyà, ó ní kí wọ́n ti rímù àtijọ́ kan bọ abẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì fi igi há a. Jíìpù yìí wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, ọ̀gá kì í sì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kankan ti orí bọ abẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé. Táyà jáde, kálípà hàn. Kálípà iwájú ọkọ̀ yìí kì í rìn; ó dúró gbọin-in, písítìn mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, méjì lápá kan, méjì lápá kejì, díìsì wà láàárín wọn. Wọ́n fa irin tínínrín méjì yọ, páàdì sì bọ́ sọ́wọ́ wọn.

Páàdì tòde ṣì ní bíi mílímítà mẹ́fà. Ti inú ti jẹ kan irin. Ariwo tí Bàbá ń gbọ́, irin tó ń họ irin ni. Ọ̀gá gbé páàdì méjèèjì lé ara wọn, ó nà wọ́n sí Bàbá, kò sọ nǹkan kan. Ó fi igi tẹ àwọn písítìn padà sínú. Àwọn tòde padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn tinú kọ̀ jálẹ̀. Rọ́bà tó bo ẹnu wọn ti ya, omi àti iyanrìn ti wọlé, ìpẹtà sì ti dè wọ́n mọ́ ojú kan.

Písítìn tí kò bá lè padà, ńṣe ni páàdì rẹ̀ á máa fara kan díìsì ní gbogbo ìgbà, yálà awakọ̀ tẹ bíréèkì tàbí kò tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń fà sọ́tùn-ún. Díìsì á gbóná. Ooru náà ò ní dúró síbẹ̀, nítorí ara họ́ọ̀bù ni wọ́n de díìsì mọ́. Á wọnú họ́ọ̀bù lọ, á yọ́ gíríìsì, gíríìsì á ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ síìlì jáde, béárìn á wá máa yí ní gbígbẹ. Bí béárìn bá sì ti jẹ, họ́ọ̀bù á máa mì, díìsì á máa mì pẹ̀lú rẹ̀, á máa ti páàdì padà sínú kálípà. Nígbà tí awakọ̀ bá wá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ rì kó tó kan nǹkan. Lára jíìpù Bàbá, ọ̀gá gbà pé bíréèkì ló kọ́kọ́ ba béárìn jẹ́, béárìn sì padà wá gbẹ̀san lára bíréèkì. Lójú tèmi, mẹkáníìkì tó bá rí ọkọ̀ báyìí, tó gba owó páàdì, tó sì ní iṣẹ́ ti parí, ó rẹ́ ẹni tó ni ín jẹ ni.

Ó mú fáníyà, ó fi wọn díìsì níbi mẹ́ta. 29.2. 29.0. 29.3. Mílímítà 32 ni díìsì iwájú ọkọ̀ yìí bó bá jẹ́ tuntun, Toyota sì ní kò gbọdọ̀ fẹ́lẹ́ ju 30 lọ. Díìsì tó bá ti fẹ́lẹ́ ò lè gba ooru púpọ̀ sára. Á tètè gbóná, ó sì lè sán. Ẹ̀yìn họ́ọ̀bù ni wọ́n sì de díìsì ọkọ̀ yìí mọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè pààrọ̀ rẹ̀ láìyọ họ́ọ̀bù, kò sì sí bí họ́ọ̀bù ṣe lè jáde láìtú béárìn.

Ọ̀gá ka ohun tí wọ́n máa rà fún Bàbá: díìsì méjì, béárìn mẹ́rin, síìlì, rọ́bà inú kálípà, wọ́ṣà tí wọ́n fi ń ti nọ́ọ̀tì, gíríìsì, ọ́ìlì bíréèkì. Bàbá pòṣé.

“Ta ló sọ fún yín pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ta kòkó ni?”

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sì bi í pé, “Bàbá, yàtọ̀ sí oko, ibo lẹ tún máa ń gbé e lọ?”

“Ẹ̀fọ̀n. Àbúrò mi obìnrin wà níbẹ̀.”

“Eléyìí lẹ fi ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n wá sí Ẹ̀rìnmọ̀?”

Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn ò ní béèrè ìdí tí ọ̀gá fi gbé ohùn sókè. Láti Ẹ̀fọ̀n Aláayè títí dé ìsàlẹ̀, òkè wà lápá kan, ọ̀gbun wà lápá kejì, kọ́ọ̀nà kan ò sì tíì tán tí òmíràn fi ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní nígbà tí òun ń bọ̀ gbẹ̀yìn, bíréèkì rì lẹ́sẹ̀ òun ní kọ́ọ̀nà kan, jíà kékeré ni òun fi mú ọkọ̀ náà dúró; òun rò pé ọ́ìlì ló lọ sílẹ̀ ni. Ó yọ fóònù, ó pe ọmọ rẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, ó gbé fóònù náà fún ọ̀gá pé kó ka nọ́mbà àwọn nǹkan náà fún un. Ọ̀gá tún kìlọ̀ fún ọmọ náà: díìsì, béárìn àti síìlì, kò fẹ́ bẹ́líjíọ́mù o. Jíà, ẹ́ńjìnnì, iná iwájú, ó máa ń ra èyí tí wọ́n ti lò nílùú òyìnbó, kò sì rí nǹkan kan tó burú nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n béárìn tí ẹlòmíràn ti lò, kò sẹ́ni tó mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí.

Bí wọ́n ṣe ń retí ẹrù láti ọjà Gate ní Ìbàdàn, wọ́n ń tú họ́ọ̀bù. Wọ́n ṣí ìdérí kékeré tó wà láàárín, wọ́n fi ẹ̀mú yọ òrùka irin tó de orí ṣáàfù, wọ́n sì tú nọ́ọ̀tì mẹ́fà. Ibẹ̀ ni ẹni tí kò mọṣẹ́ ti máa ń bá ọkọ̀ yìí jà. Lábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ni wọ́ṣà kan wà tí ìdí rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ là, tó há pátápátá sínú ihò rẹ̀. Irin tó ń gbé agbára ṣáàfù fún họ́ọ̀bù, wọ́ṣà mẹ́fà yìí ni kì í jẹ́ kó mì. Bí wọn ò bá jáde, irin náà ò ní kúrò. Ọ̀gá kò fọwọ́ kan àwọn wọ́ṣà. Ó kọ́kọ́ dá nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan padà sí ẹnu bóòtù rẹ̀, kí wọ́ṣà má baà fò sọ nù, ó wá mú hámà idẹ, ó ń fi lu etí irin náà yíká, kò lù ú le, kò sì dáwọ́ dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Lójijì, ọ̀kan fò sókè, ó gbá nọ́ọ̀tì rẹ̀: pá! Èkejì tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ tí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi wà nínú abọ́.

Wọ́n fa irin náà kúrò, nọ́ọ̀tì ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ wá hàn sí wa, gbogbo igun rẹ̀ ló sì ti jẹ́ kìkì ọgbẹ́. Ojú ṣísẹ́lì ni. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà 54 ló bá nọ́ọ̀tì yìí mu, èyí tí kì í sí nínú páálí sọ́kẹ́ẹ̀tì tí gbogbo èèyàn ń rà. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá a lọ́tọ̀. Mẹkáníìkì tó ti ṣí ibẹ̀ ṣáájú kò ní in, ó wá gbé ṣísẹ́lì tì í, ó ń fi hámà gbá a. Nọ́ọ̀tì tí wọ́n bá fi ṣísẹ́lì dè, Ọlọ́run nìkan ló mọ bó ṣe le tó. Ọ̀gá fi sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tú èyí tó wà lóde, ó tẹ́ etí wọ́ṣà tó wà láàárín padà, ó sì kan nọ́ọ̀tì inú, èyí tó yẹ kó di béárìn mú gírígírí. Ìka méjì ló fi yí i jáde.

Ọmọ iṣẹ́ méjì ló gbé họ́ọ̀bù náà bọ̀, tòun ti díìsì lẹ́yìn rẹ̀. Nínú rẹ̀, níbi tó yẹ kí gíríìsì wà, ohun tí a rí dà bí ògì bàbà. Omi ti wọ ibẹ̀.

“Bàbá, ẹ máa ń gba inú odò kọjá?”

“Odò kékeré ni. Kò ju orúnkún lọ.”

Kékeré náà tó. Họ́ọ̀bù tó ti gbóná lójú ọ̀nà, tí wọ́n wá tì bọ omi tútù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sún kì, á máa fa ohun tó bá wà lẹ́nu síìlì wọlé. Bí síìlì bá ti gbó, omi ló máa fà. Ẹni tó bá ń gba odò lọ sóko, ọ̀gá ní kó máa dúró lókè odò fún ìgbà díẹ̀ kí ẹsẹ̀ ọkọ̀ fi tutù kó tó bọ́ sínú omi, kó sì jẹ́ kí wọ́n máa tú họ́ọ̀bù wò lẹ́yìn ìgbà òjò. Bàbá ní ta ló máa ń dúró lẹ́bàá odò nígbà tí òjò bá ṣú. Òótọ́ lòun náà sọ.

Kẹrosíìnì ni wọ́n fi fọ béárìn. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù sáré lọ fa rọ́bà atẹ́gùn wá láti ọ̀dọ̀ fọ́kànáísà ẹ̀gbẹ́ wọn, ó fẹ́ fi gbẹ ẹ́. Ọ̀gá kígbe mọ́ ọn kó tó ṣí i. Atẹ́gùn yẹn lágbára. Tó bá ń yí béárìn tí kò sí gíríìsì lára rẹ̀, eré tó máa sá á kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún, àwọn irin róbótó inú rẹ̀ sì lè tú jáde kí wọ́n gbá èèyàn lójú. Aṣọ tó mọ́ ni wọ́n fi nù ún, wọ́n sì gbé e síbi tí atẹ́gùn lásán ti ń fẹ́.

Béárìn tòde ti ní ojú wẹẹrẹ wẹẹrẹ lára, bí èèyàn bá fi èékánná fà á, á máa kọ́ ọ. Ti inú ló burú jù. Àwọ̀ rẹ̀ ti yí, ó ti di búlúù níbi kan. Irin tó bá ti rí báyẹn, iná ti kọjá lára rẹ̀, líle rẹ̀ ti tán. Ọ̀gá gbé e fún mi, ó ní kí n yí i létí. Ó ń dún ṣíríṣírí.

Nǹkan kan wà tí àwọn mìíràn máa ń gbójú fò, tí ọ̀gá ò jẹ́ kó kọjá. Ó ti ìka bọ ibi tí ṣáàfù ti jáde, ó fa gíríìsì tó wà níbẹ̀ wá síta, ó fi àtàǹpàkò rà á. Ó ṣì ki. Bó bá jẹ́ pé ó ti ṣàn ni, a jẹ́ pé síìlì inú ti já, ọ́ìlì jíà iwájú ti ń wá bá a, àwọn á sì ní láti tú gbogbo ẹsẹ̀ náà palẹ̀. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn agogo kan ni wébíìlì dé láti Ìbàdàn. Ọ̀gá ò kọ́kọ́ wo páálí; orúkọ ará Jàpáànù tó wà lára páálí, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Béárìn fúnra rẹ̀ ló gbé sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Nọ́mbà ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ṣáká, kó bá ti ara páálí mu. Ó gbé ti ọ̀tún àti ti òsì sọ́wọ́ méjèèjì, ó wò ó bóyá wọ́n wúwo bákan náà. Ó yí wọn. Ó gba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Síìlì kan ló dá padà, nítorí sípíríǹgì tẹ́ẹ́rẹ́ tó yẹ kó wà létè rẹ̀ ti jáde. Ó yọ òmíràn nínú àpótí ara rẹ̀ dípò rẹ̀.

Béárìn tuntun máa ń wá pẹ̀lú òrùka irin tí yóò jókòó lé. Òun àti òrùka rẹ̀ ni wọ́n jọ ń rìn; ẹni tó bá fi béárìn tuntun lé òrùka àtijọ́ kàn ń fi owó ṣòfò ni. Ihò kéékèèké wà nínú họ́ọ̀bù tí wọ́n ti lè fi ọ̀pá idẹ lu òrùka àtijọ́ jáde, lápá kan, lẹ́yìn náà lápá kejì, kó má baà há. Láti fi tuntun síbẹ̀, òrùka àtijọ́ ni ọ̀gá gbé lé e lórí, ó ń lu ti àtijọ́, ti tuntun ń wọlé. Ó ń dún kéń, kéń, kéń. Nígbà tó kan ìdí, ohùn rẹ̀ yí padà, ó di gbì. Ọ̀gá gbé hámà sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Etí ló fi ń ṣe èyí, mo sì rí i pé àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ń dákẹ́ bí ó bá ti ń lù ú, kí àwọn lè gbọ́ ìgbà tí ohùn máa yí.

Wọ́n wá fi gíríìsì sí béárìn. Ọmọ iṣẹ́ àgbà ló ṣe èyí, ó sì ṣe é dáadáa. Ó bu gíríìsì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ó di béárìn mú lọ́wọ́ ọ̀tún, apá tó fẹ̀ sísàlẹ̀, ó ń fi etí rẹ̀ gé gíríìsì náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ohun tó hàn. Ó ń tẹ̀ ẹ́. Gíríìsì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lókè láàárín àwọn irin róbótó náà, díẹ̀díẹ̀, ó yọ lára ọ̀kan, ó yọ lára èkejì. Ó yí béárìn náà díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó yí i títí tó fi padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kàn fi gíríìsì pa ara béárìn lóde, inú ṣì gbẹ. Wọn ò sì po gíríìsì méjì pọ̀: wọ́n ti nu ti àtijọ́ kúrò nínú họ́ọ̀bù pátápátá, torí àwọn gíríìsì kan wà tí wọn kì í bá ara wọn ṣe, bí wọ́n bá pàdé, ńṣe ni wọ́n á ṣàn.

Wọ́n de díìsì tuntun mọ́ họ́ọ̀bù, wọ́n fi pẹtiróòlù nu òróró tí ilé iṣẹ́ fi pa á lára, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ padà sórí ọkọ̀. Ọ̀gá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn.

Dídè nọ́ọ̀tì inú yìí ni mo kà sí ojú iṣẹ́ gan-an. Bó bá dẹ̀, họ́ọ̀bù á máa mì. Bó bá le jù, béárìn á gbóná, á jóná, ó sì lè di mọ́ ọkọ̀ lórí eré. Ọ̀gá kọ́kọ́ dè é le dáadáa, ó ń yí họ́ọ̀bù síwá sẹ́yìn kí àwọn irin róbótó lè jókòó sí ipò wọn. Ó tú u. Ó tún dè é, lọ́tẹ̀ yìí wọ́ọ́rọ́. Ó wá na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, ọmọ iṣẹ́ kan sì fi ìwọ̀n kan lé e lọ́wọ́: ìwọ̀n onísípíríǹgì tó ní ìkọ́, irú èyí tí àwọn ẹlẹ́ja ń lò. Ó fi ìkọ́ náà há bóòtù táyà kan, ó ń fà á jẹ́ẹ́jẹ́, ó tẹjú mọ́ ọfà inú rẹ̀. Ìwé Toyota ní agbára tó máa mú họ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbọ́dọ̀ wà láàárín kílò 2.9 sí 5.7. Ọfà dé méjì, họ́ọ̀bù yí. Kò tíì tó. Ó fún nọ́ọ̀tì díẹ̀. Mẹ́ta. Ó tún fún un, bóyá ìbú èékánná kan. Ọfà lọ sí mẹ́rin àti ààbọ̀ kí họ́ọ̀bù tó gbéra.

“Ó ti tó.”

Wọ́ṣà tuntun wọlé, nọ́ọ̀tì òde wọlé. Bí ó ṣe de nọ́ọ̀tì òde tán ló tún gbé ìwọ̀n, torí dídè èyí máa ń ti ti inú. Ọfà ò kúrò lójú kan. Ó tẹ́ etí wọ́ṣà kan síwájú sórí nọ́ọ̀tì òde, ó tẹ́ òmíràn sẹ́yìn sórí ti inú, kí ìkankan nínú wọn má lè tú ara rẹ̀. Mo bi í pé mẹkáníìkì mélòó ló ń lo ìwọ̀n. Ó ní àwọn tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, òun náà ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ òun kì í rí bákan náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ẹsẹ̀ òsì ò gbà wọ́n lásìkò. Kálípà tibẹ̀ ò di, béárìn rẹ̀ ti gbó ṣùgbọ́n iná ò kàn án. Síbẹ̀ wọ́n pààrọ̀ díìsì àti béárìn rẹ̀, nítorí díìsì tuntun lápá kan àti àtijọ́ lápá kejì ò lè mú ọkọ̀ dúró bákan náà. Kálípà ọ̀tún ni wọ́n tú palẹ̀, wọ́n yọ písítìn, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i. Ọ́ìlì bíréèkì nìkan ni wọ́n fi pa rọ́bà náà kó tó wọlé. Pẹtiróòlù àti gíríìsì lásán á mú un wú.

Ọ́ìlì tó ń ti inú ọkọ̀ jáde nígbà tí wọ́n ń lé atẹ́gùn ti dúdú. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí ó bá ti ń pẹ́. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní DOT 3, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé 205 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì; bó bá ti fa omi mọ́ra, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hó ní 140. Lórí òkè bíi ti Ẹ̀fọ̀n, pẹ̀lú páàdì tó ti ń jó díìsì tẹ́lẹ̀, ooru lè dé ibẹ̀. Ọ́ìlì á hó, èéfín á wà nínú páìpù, èéfín sì ṣeé tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ awakọ̀ á rì láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Ọ̀gá ní òun ti rí ọkọ̀ akérò tó jẹ́ omi ọṣẹ ni dẹ́rẹ́bà dà sí i, ẹni náà sì ń gbé èrò.

“Tẹ̀ ẹ́!” “Mo ti tẹ̀ ẹ́!” “Mú un dání!” “Mo mú un!” Ọmọ kan lábẹ́ ọkọ̀, ọmọ kan nínú ọkọ̀, báyìí ni wọ́n ń jẹ́ fún ara wọn, láti ẹsẹ̀ tó jìnnà jù lọ sí másítà bíréèkì títí dé èyí tó sún mọ́ ọn jù. Wọn ò gbàgbé fáàfù tó wà lókè ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tó ń fi bí ẹrù ṣe wúwo tó díwọ̀n bíréèkì ẹ̀yìn. Ibẹ̀ náà máa ń pa atẹ́gùn mọ́. Wọ́n fi igi kan sábẹ́ pẹ́dàlì, kó má lè dé ilẹ̀ pátápátá. Rọ́bà inú másítà tó ti gbó, bí wọ́n bá tì í kọjá ibi tó ti ń rìn látọjọ́ yìí, ìpẹtà iwájú ibẹ̀ á fà á ya, ẹni tó gbé ọkọ̀ wá fún páàdì á tún ra másítà.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló wà á jáde, Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi lẹ́yìn. A lọ títí dé oríta Ìwáràjà. Lójú ọ̀nà tó ṣófo, ó ń sáré dé àádọ́ta, ó ń tẹ bíréèkì títí ọkọ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, ó tún ń sáré, kí páàdì àti díìsì tuntun lè mọ ojú ara wọn. Ọkọ̀ náà ò fà sí ibì kankan. Nígbà tí a padà dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé àárín táyà ọ̀tún, ó lọ gbé e lé ti òsì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, méjèèjì bákan náà. Ó fi mákà kọ déètì àti iye kìlómítà sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Bàbá gbé e padà wá lọ́sẹ̀ kejì kí àwọn tún mi táyà wò. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn náà ní béárìn tó ṣeé wọn báyìí, àwọn ò sì tíì ṣí i.

Bàbá san èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣèlérí ìyókù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti ń fi hámà fọ́ béárìn àtijọ́. Ọ̀gá kì í kó wọn sóde láìfọ́ wọn, kí ẹnì kan má baà fọ̀ wọ́n mọ́ kó sì tà wọ́n fún ẹlòmíràn. Wọ́n fẹ́ gbé díìsì méjèèjì sórí òkìtì irin náà, Bàbá ní kí wọ́n dúró. Ó ní kí wọ́n kó o sí bùútù òun. Ó máa so ọ̀kan rọ̀ lóko, tí wọ́n á máa lù láti fi pe àwọn lébìrà wá jẹun. Èkejì, ó ní ọ̀gá ilé ìwé abúlé ti ń bẹ òun látọjọ́ yìí.